Òṣogbo Ni Orogún Inú Eré Tẹlifíṣàn Ti Wá

Ẹni tó bá ń wo eré Yorùbá lórí tẹlifíṣàn mọ̀ wọ́n dunjú: ìyáálé tó ń da oògùn sọ́bẹ̀, ìyá ọkọ ẹlẹ́nu mímú, ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ títí eré fi parí, àti baálé tó di ìwé ìròyìn mú lórí àga, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sè nílé ara rẹ̀. Àwọn kan ní fíìmù Íńdíà ló kó wọn wá. Irọ́ ni. Àlọ́ ìyáálé àti ìyàwó ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ Íńdíà. Àwọn ará Èkó ní Hubert Ogunde ni. Ogunde gbìyànjú, láti 1944 ló ti ń ṣeré, obìnrin gidi ló sì ń gbé jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Òṣogbo ni tèmi, ó sì ti pẹ́.

Ẹ bi àwọn babaláwo. Nínú Ọ̀ṣẹ́ Túrá, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sílé ayé. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n la igbó orò, wọ́n la igbó eégún, wọn kò pè é sí i. Kí ni Ọ̀ṣun olóòyà fẹ́ bá wọn dá sí? Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n dáwọ́ lé ń forí ṣánpọ́n. Wọ́n gba ọ̀run lọ fẹjọ́ sùn, Olódùmarè sì bi wọ́n léèrè Ọ̀ṣun. Ni wọ́n bá padà wá ń bẹ obìnrin tí wọn kò kà sí. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, kó máa bá wọn lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ. Ọkùnrin náà ló sì bí. (Ẹ wo bí wọ́n ṣe dọ́gbọ́n fi ọkùnrin parí rẹ̀, àwọn tó ń kọ eré lónìí kò tíì jáwọ́.)

Lójú tèmi, eré àkọ́kọ́ nìyẹn lórí ojú tí ọkùnrin fi ń wo obìnrin, Òṣogbo sì ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Níbi ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, Arugbá, ọmọbìnrin ilé ọba tí kò tíì mọ ọkùnrin, máa ń ru igbá láti ààfin lọ sí ojúbọ létí odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wò: bó bá kọsẹ̀, àmì burúkú ni.

Lẹ́yìn Ifá, eléégún alárìnjó, àwọn òṣèré abẹ́ ẹ̀kú tó ń ti ìlú dé ìlú. Ní 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, bá wọn níbi eré ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì fi òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ lójú òyìnbó. Bí wọ́n ṣe ń sín òyìnbó jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sín Tápà àti aṣẹ́wó jẹ. Ọkùnrin ló wà lábẹ́ ẹ̀kú aṣẹ́wó yẹn o. Nígbà tí Ọ̀yọ́ tú, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sá wá sí Òṣogbo. Èmi gbà pé wọ́n kó eré wọn dání.

Ìlú yìí náà ni Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ sí ní 1962, ibẹ̀ sì ni Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ti di Ọya, ìyàwó Ṣàngó, nínú eré Ọba Kò So, Ọya tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Oyin Adéjọbí, ọmọ Òṣogbo, ló gbé orogún wá sójúde. Ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló fi ṣe eré Orogún Adédigba. Ó tún mú Kóòtù Aṣípa, eré ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, lọ sórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ẹni tó bá mọ kóòtù ìbílẹ̀ ayé ìjọba òyìnbó mọ̀ pé obìnrin ló sábà máa ń pẹjọ́ níbẹ̀: tí wọ́n bá ti dá owó orí rẹ̀ padà fún ọkọ, ó di òmìnira. Ọkọ á máa họrí, ìyàwó á máa ka ẹ̀sùn.

Fídíò dé, ìkànnì tẹlifíṣàn Africa Magic Yoruba dé ní 2010, YouTube gbà á lọ́wọ́ wọn. Orogún ni wọ́n kó lọ. Wọn ò mú obìnrin tó ń ka ẹ̀sùn ọkọ rẹ̀ níwájú adájọ́ dání.