Kí ló dé tí Àkekèé Dúdú kò fi sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun parí?

Ẹni tó bá ti gbọ́njú nílẹ̀ Yorùbá nígbà Ogun Abẹ́lé mọ Benjamin Adékúnlé. "Black Scorpion" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Àkekèé Dúdú. Òun ló gba Bonny, òun ló gba Kàlàbá, òun ló gba Port Harcourt. Síbẹ̀, bí ẹ bá ka ìtàn bí Bìáfrà, ìyẹn Ẹkùn Ìlà-Oòrùn tó ní òun ti ya kúrò lára Nàìjíríà, ṣe túúbá ní oṣù kìíní ọdún 1970, orúkọ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lẹ máa rí níbi tó yẹ kí tiẹ̀ wà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1974, wọ́n ti ní kí Adékúnlé lọ sílé, ẹni ọdún méjìdínlógójì péré. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín. Ohun tí mo mọ̀ rèé.

Ọmọ ibo ni Adékúnlé gan-an?

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀ wá láti inú ẹ̀yà Bachama, tí ilẹ̀ wọn wà ní ìpínlẹ̀ Adamawa òde òní. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1936, Government College tó wà ní Okene ló sì ti kàwé. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1958, wọ́n rán an lọ sí Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá ológun ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó bá àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ sí Kóńgò, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Wellington, ní Íńdíà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Ní 1962, òun ni ọmọ ogun tó ń tẹ̀ lé Akanu Ibiam, gómìnà Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, kiri. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí Ibiam fi dúró ti Bìáfrà, tí Adékúnlé sì ń kó ọmọ ogun bọ̀ láti ojú òkun.

Báwo ni ọ̀dọ́kùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe rí odidi ẹgbẹ́ ogun darí?

Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967 ni ìbọn kọ́kọ́ dún. Láti Òkè Ọya ni Dífíṣọ̀n Kìíní ti ń bọ̀, lórí ilẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní Èkó wá rò ó pé àwọn gbọ́dọ̀ dí ẹnu omi mọ́ Bìáfrà. Adékúnlé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló kó àwọn ọmọ ogun wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Bonny ní ìparí oṣù keje yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni epo rọ̀bì ti ń jáde lọ sí òkè òkun. Ẹni tó bá di Bonny mú ti di ọ̀fun mú.

Àwọn ọmọ ogun Èkó yìí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní kíákíá, ló di Dífíṣọ̀n Kẹta. Kò wu Adékúnlé kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán, ló bá sọ ọ́ ní Third Marine Commando, nítorí inú odò àti àbàtà ni wọ́n ti ń jà. Ní oṣù kẹwàá wọ́n gba Kàlàbá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968 wọ́n gba Port Harcourt. Láti ọjọ́ náà, Bìáfrà kò ní èbúté kankan mọ́. Ojú òfurufú nìkan ló kù, àwọn ọkọ̀ bàálù tó ń balẹ̀ sí Uli lóru.

Ṣé lóòótọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ líle nípa oúnjẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ọmọ wa ni. Ní 1968, nígbà tí àwòrán àwọn ọmọdé tí ebi ti sọ di egungun ti gba gbogbo ìwé ìròyìn ayé, ó sọ fún àwọn oníròyìn òkèèrè pé òun kò fẹ́ rí ẹgbẹ́ aláàánú kankan, ìbáà jẹ́ Red Cross tàbí ti ìjọ Kristẹni, níbi tí òun ti ń jagun. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìhàlẹ̀ ológun ni. Èmi ò gbà pé ìyẹn tó. Àwọn tó ń kú kì í ṣe ọmọ ogun. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́: títí dòní, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tún kó ìtìjú bá ìjọba Gowon, olórí Nàìjíríà nígbà náà, tó ń wá bó ṣe máa fi ye ayé pé kì í ṣe ẹ̀yà kan ni òun fẹ́ pa rẹ́.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi gba ẹgbẹ́ ogun lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Lójú tèmi, ìyára tó sọ ọ́ di ẹni ńlá náà ló sọ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn Port Harcourt, ó ṣèlérí pé òun máa gba Owerri, Aba àti Umuahia lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọdún òmìnira tó pé. Ó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pe iṣẹ́ náà ní OAU. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1968, Aba bọ́ sí i lọ́wọ́, Owerri náà bọ́ sí i. Umuahia kọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà wá fẹ̀ ju èyí tí ọmọ ogun rẹ̀ lè ṣọ́ lọ, ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú ọ̀nà tí oúnjẹ àti ọta ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn sì gùn. Àwọn ọmọ ogun Bìáfrà yí Owerri ká, wọ́n há àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì gba ìlú náà padà ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Ní oṣù yẹn kan náà ni Dífíṣọ̀n Kìíní gba Umuahia tí Adékúnlé lépa tí kò bá.

Ní oṣù karùn-ún, Gowon pààrọ̀ àwọn ọ̀gá ogun. Kì í ṣe Adékúnlé nìkan o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni: Shuwa ti Dífíṣọ̀n Kìíní kúrò, Haruna ti Dífíṣọ̀n Kejì kúrò, Adékúnlé kúrò. Ọbásanjọ́, tó jẹ́ ẹnjiníà ológun, ló bọ́ sí ipò Adékúnlé. Ó tún àwọn ọmọ ogun náà tò, ó fún wọn ní ìsinmi, àwọn náà ló sì já ogun wọ inú Bìáfrà ní oṣù kìíní ọdún 1970. Wọ́n gba Owerri padà, wọ́n dé Uli, ogun sì parí.

Lẹ́yìn ogun ńkọ́?

Wọ́n sọ ọ́ di Brigadier ní 1972. Nígbà tí ẹrù dí èbúté Èkó pa, òun ni wọ́n ní kó lọ tú u, ó sì tú u. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ jáde nínú ẹjọ́ igbó (marijuana) kan tí wọ́n ń ṣe ní London, ìjọba sì ní kó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ó ní òun kò mọwọ́mẹsẹ̀, àwọn tó ń bẹ̀rù òkìkí òun ló wà nídìí ẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ì bá ti di olórí orílẹ̀-èdè?

Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé kò pé ọdún kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, àti pé Ọbásanjọ́ tó gba ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ di olórí ìjọba ní 1976. Alani Akinrinade, tó jagun lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, di ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà ní 1980. Adékúnlé lo ogójì ọdún nílé lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ ológun. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Brigadier náà ló ṣì ń jẹ́.