Bí pòtétò ṣe di krompir lẹ́nu àwọn Slav

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí èèyàn nínú: pé torí èdè Rọ́ṣíà, Póláńdì, Czech àti Serbia, tí wọ́n ń pè ní èdè Slav, jẹ́ ọmọ ìyá, orúkọ tí wọ́n ń pe pòtétò gbọ́dọ̀ wá láti ẹnu baba ńlá kan náà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni pòtétò ti wá, àwọn ará Sípéènì ló gbé e wọ Yúróòpù lẹ́yìn ọdún 1500, àwọn èdè yìí sì ti pín yà tipẹ́tipẹ́ nígbà yẹn, baba ńlá wọn ò fojú kan pòtétò rí, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ?

Oníkálukú ló wá tiẹ̀. Rọ́ṣíà gba kartofel lọ́wọ́ Jámánì. Àwọn Póláńdì rí i pé inú ilẹ̀ ló ń ta sí, ilẹ̀ ni ziemia lédè wọn, wọ́n bá pè é ní ziemniak. Àwọn Czech fi orúkọ Brandenburg, ilẹ̀ Jámánì tó ti wá bá wọn, pè é, Branibor ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ló bá di brambor, ó jọ bí àwa náà ṣe ní ọ̀pẹ òyìnbó.

Àmọ́ krompir ló dùn jù. Àwọn Jámánì kan ń pe pòtétò ní Grundbirne, ìyẹn pear inú ilẹ̀ (kì í ṣe píà tá a mọ̀ nílé o, èyí tó dùn bí ápù ni). Ẹ wá sọ "ó ń bọ̀" kíákíá kẹ́ ẹ wo ètè yín, ẹ ò tíì dé orí b tó ti pa dé, "ó m bọ̀" lẹ máa gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Grundbirne náà nìyẹn, d já, n di m nítorí b tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di Grumbirn. Àwọn Jámánì apá gúúsù kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ya g kúrò lára k, tàbí b kúrò lára p, etí Slav wá gbọ́ k, ó gbọ́ p. Krumpir ni lẹ́nu àwọn Croatia, krompir ni ní Serbia àti Slovenia. Àwọn kan á ní wọ́n ba orúkọ jẹ́ ni. Wọn ò ba nǹkan kan jẹ́, bí ẹnu ṣe máa ń ṣe ọ̀rọ̀ àlejò kó lè rọrùn fún un nìyẹn, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ẹni tó ń ra krompir lọ́jà Belgrade, olú ìlú Serbia, lónìí ò gbọ́ ilẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́, kò gbọ́ pear. Nígbà tó sì fi máa dé Macedonia, r àkọ́kọ́ náà ti já dànù, kompir ló kù.