San Diego ni wọ́n ti jí mólékù tó sùn

Ní ọdún 1873, Ernst Abbe fi ìṣirò hàn ní ìlú Jena ní Jámánì pé bó ti wù kí gíláàsì máíkírósíkóòpù dára tó, ohun méjì tí àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 200 nànómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nànómítà kan) yóò dà bí ẹyọ kan lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Mólékù tí a lè tàn, tí a sì lè pa bí àtùpà, wà lára ohun tó jẹ́ kí a kọjá ààlà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọdún 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí. Èmi kò gbà, nítorí orísun rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan, tó sì ń tan àwọ̀ mìíràn jáde, ni George Stokes sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní fluorescence ní 1852, láti ara orúkọ òkúta fluorspar. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá inú òkun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, Aequorea victoria, ló fún wa ní èyí tó ṣe pàtàkì jù. Osamu Shimomura kó wọn ní Friday Harbor ní Amẹ́ríkà, ó fún omi ara wọn jáde, ó sì kéde ní 1962 pé puròtéènì aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ìgbà náà ni puròtéènì yìí ti ń ṣẹ́jú lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ jọ ń tàn pọ̀? Bí tanátaná kan bá sinmi láàárín agbo, ojú kì í mọ̀.

W. E. Moerner àti Lothar Kador ló kọ́kọ́ fi ìmọ́lẹ̀ dá mólékù kan ṣoṣo mọ̀, ní ilé ìwádìí IBM ní San Jose ní 1989. Nígbà tí Moerner dé Yunifásítì California ní San Diego, òun àti Robert Dickson fi puròtéènì aláwọ̀ ewé tí Roger Tsien àti Andrew Cubitt ti tún ṣe sínú gẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì tan lésà búlúù sí i. Mólékù kọ̀ọ̀kan ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, títí ó fi ṣókùnkùn bí ẹni pé ó ti jóná pátápátá. Wọ́n wá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 405 nànómítà, sí i, ó sì jí. Ọdún 1997 nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì pè ní orísun.

Àwọn kan yóò ní Stefan Hell ti dábàá ọ̀nà tirẹ̀ láti kọjá ààlà Abbe ní 1994. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kejì ló fi ń pa àwọn mólékù tó wà létí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ń tàn sí. Kò sí èyí tó sùn tí a ń jí níbẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ní 2006, Eric Betzig àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jí mólékù díẹ̀ tó jìnnà síra kí wọ́n má baà dà pọ̀ lójú, wọ́n sàmì sí àárín gbùngbùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pa wọ́n, wọ́n jí òmíràn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán fi di ọ̀kan. Xiaowei Zhuang ní Harvard àti Samuel Hess ní Maine náà gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Moerner, Betzig àti Hell gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Inú pálọ̀ Harald Hess, ọ̀rẹ́ Betzig tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ni òun àti Betzig ti to máíkírósíkóòpù àkọ́kọ́ náà, pálọ̀ ọ̀hún sì wà ní La Jolla, àdúgbò San Diego kan náà tí Moerner ti jí mólékù tirẹ̀.