Ìtọ́jú ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìbàdàn

Ìtọ́jú ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni ètò tí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìpayà, wárápá, àìsàn ọpọlọ tó le tàbí àmujù ọtí ń bá jà fi ń rí ìtọ́jú níbi kan náà tí wọ́n ti ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì àti àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ló ń ṣe é. Dókítà ọpọlọ ń tì wọ́n lẹ́yìn, ó sì ń gba aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára wọn lọ. Ìlànà ìjọba Nàìjíríà ti ní kó rí bẹ́ẹ̀ láti 1991. Ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010, ni wọ́n sábà fi ń kọ́ òṣìṣẹ́.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn darí láti 2001 sí 2003 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, bíi 12 ni àìsàn ọpọlọ kan ti ṣe rí. Nínú 100 ẹni tó ṣe láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí náà, 8 péré ló rí ìtọ́jú. Lóòótọ́, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, wà láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Ìdó, Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà yóò san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, yóò pa ọjà ọjọ́ kan tì, yóò sì máa wojú kiri kí ará àdúgbò má baà rí i. Ní ilé ìwòsàn àdúgbò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wá gbà.

Àìsàn yìí kì í sábà fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lè má mẹ́nu ba ìbànújẹ́ rárá. Ohun tí yóò sọ ni pé: “Orí ń gbóná mi, nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà, àyà mi ń já, n kò rí oorun sùn.” Òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ á kọ oògùn ibà àti pàrásítámọ̀ fún un. Ara ò ní yá, á padà wá, wọ́n á tún kọ oògùn ibà. Káàdì tí wọ́n ti kọ ibà sí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò sì rí ibà kankan, tó kí òṣìṣẹ́ gbé bírò sílẹ̀ kó béèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè 2 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn, ṣé ọkàn yín ń rẹ̀wẹ̀sì? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ò dùn mọ́ yín mọ́? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3. Bí àròpọ̀ bá tó 3, ìbéèrè 7 tó kù nínú PHQ-9, ìwé ìbéèrè 9 tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì, ló kàn; 27 ni máàkì tó ga jù, 10 sókè sì ń tọ́ka sí ìrẹ̀wẹ̀sì tó nílò ìtọ́jú. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí ìrònú ikú, kò ṣeé fò. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi ìrònú náà síni lọ́kàn. Ẹni tó bá dáhùn ju 0 lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n bi í bóyá ó ti ní ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Bó bá ti ní, kó má dá lọ sílé, kí wọ́n sì pe dókítà. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ni kí èyí ti wáyé, níbi tí ìyá ọkọ ò ti ní gbọ́. Kí wọ́n tó kọ oògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ìgbà kan wà tí ara rẹ̀ yá sódì fún ọjọ́ púpọ̀, tí kì í sùn, tó ń ná owó ní ìnákúnàá: bí wọ́n bá fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, ó lè mú kí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìjíròrò ló ń ṣíwájú oògùn bí àìsàn náà ò bá le. Òṣìṣẹ́ àti aláìsàn á kọ àwọn ìṣòro sílẹ̀, wọ́n á mú ẹyọ kan tó ṣeé yanjú, bíi gbèsè àjọ, wọ́n á pinnu ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá kan oògùn, fluoxetine 20 mg láàárọ̀ tàbí amitriptyline, tí wọ́n ń fi 25 mg bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, ló wọ́pọ̀. Oògùn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni amitriptyline ti ń gbẹ ẹnu, tó sì ń kunni lóorun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọn kò bá ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Amitriptyline àlòjù lè pa ènìyàn: ẹni tó ń ronú ikú, ti ọ̀sẹ̀ kan péré ni kí wọ́n fún un, kí ará ilé sì máa bá a tọ́jú oògùn náà.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ ń gbé aláìsàn tó le lọ. Nínú ìdánwò COSIMPO, tó wáyé ní Ìbàdàn àti ní Kùmásí, orílẹ̀-èdè Gánà, òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aláìsàn lọ́dọ̀ wọn. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 2020, fi hàn pé ara àwọn tó rí ìtọ́jú àjọṣe yìí yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù 6.

Ibi tí ètò ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti sábà ń dẹnu kọlẹ̀ ni kí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ lọ síbòmíràn. Nítorí náà, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni kí wọ́n kọ́ ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Àìsí oògùn léwu jùyẹn lọ: ẹni tó ń lo carbamazepine fún wárápá, tí oògùn bá dá lójijì, gìrì rẹ̀ lè má dáwọ́ dúró mọ́, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Bí èyí tó kù lórí pẹpẹ bá ti dín sí ti oṣù kan, kí wọ́n ti béèrè òmíràn. Nọ́ńbà fóònù ìbátan kan, tí aláìsàn fọwọ́ sí, yẹ kó wà lórí káàdì, kí wọ́n lè pe ẹni tí kò wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.