Òkè oníná kọ́ ló ń mú ayé gbóná

Tí fídíò òkè oníná bá ti dé orí WhatsApp, àbí ti Iceland ni o àbí ti Indonesia, kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ohun tó ń fa ooru yìí nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ ní Kàbà, mo ti gbọ́ ọ ní Ìsánlú lẹ́nu àgbẹ̀ tí òdòdó kaṣú ẹ̀ gbẹ mọ́gi, kódà mo gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Ó ti sú mi, torí òdìkejì ẹ̀ gan-an ni òótọ́.

Iná tẹ́ ẹ rí nínú fídíò yẹn kì í kúrò ládùúgbò òkè náà. Eérú ẹ̀ ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ máa ń já sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gáàsì imí-ọjọ́ ló ń rìn jìnnà, òun làwọn èèyàn ò sì mọ̀ nípa ẹ̀. Tí òkè bá bú débi tó fi tì í kọjá ibi tí òjò ti ń rọ̀, òjò ò lè fọ̀ ọ́ wálẹ̀ mọ́, á pò mọ́ omi inú afẹ́fẹ́, á di ásíìdì wínníwínní, á tàn yí ayé ká, á wá máa dá oòrùn padà fún bí ọdún kan sí méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn ṣe ń ṣe bàìbàì tí ọyẹ́ bá bolẹ̀. Nígbà tí Pinatubo bú ní Philippines lọ́dún 1991, gbogbo ayé ló tutù ní nǹkan bí ìdajì digirí.

Wọ́n á ní kábọ́ọ̀nù ńkọ́, ìyẹn gáàsì tó ń jáde tá a bá sun igi tàbí epo, tó sì ń há ooru mọ́ ayé. Ó ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ti òkè oníná lọ́dún kan ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí táwa èèyàn ń tú jáde.

Òtútù àti ebi lòkè oníná fi jẹ aráyé níyà. Tambora bú ní Indonesia lọ́dún 1815, nígbà tó di June 1816, tó yẹ kó jẹ́ ìgbà ooru wọn, ìrì dídì já bọ́ ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ gbówó lórí ní Yúróòpù. Laki bú ní Iceland lọ́dún 1783, odò Náílì ò kún bó ṣe yẹ, ìyàn mú ní Íjíbítì. Èyí tó sún mọ́ wa ni Katmai tó bú ní Alaska lọ́dún 1912, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì mú ilẹ̀ Haúsá lọ́dún 1913, torí tí apá àríwá ayé bá tutù, òjò máa ń fà sẹ́yìn sí gúúsù. Àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní búra, ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń dé láìsí òkè kankan tó bú, owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbà nígbà yẹn dá kún ebi tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé igi àyìn lulẹ̀ fún èédú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fídíò tàn yín pé ooru yìí á bá òkè kan kọjá lọ. Imí-ọjọ́ á já wálẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, kábọ́ọ̀nù tiwa á ṣì wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.