Ìlera ọkùnrin àti obìnrin láàárín ọjọ́ orí ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Àárín ọjọ́ orí ni ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún, tó sì ń parí nígbà tí èèyàn bá tó ọgọ́ta ọdún tàbí tó lé díẹ̀ sí i. Kò sí ààlà kan pàtó tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Olómìnira Benin, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní Kétu àti ní Ṣábẹ, a ṣì rí àwọn tí ìwé ìbí wọn kọ "né vers", ìyẹn ni pé nǹkan bí ọdún báyìí ni wọ́n bí wọn. Fún irú wọn, ara ló ń sọ ọjọ́ orí ju ìwé lọ: ojú tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nǹkan oṣù tó ń fo oṣù, ìtọ̀ tó ń jí èèyàn lóru.

Púpọ̀ nínú àwọn àrùn tó léwu jù ní àkókò yìí ni kì í fi ara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín, glaukómà tó ń ba ojú jẹ́, àti jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹni tí wọ́n ń bá jà lè máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó sì máa sùn dáadáa. Àyẹ̀wò nìkan ló ń tú wọn fó nígbà tí wọn kò tíì ba nǹkan jẹ́.

Àwọn ìlú mẹ́ta náà

Àjàṣẹ́, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, wà létí ọ̀sà ní ẹkùn Ouémé. Kétu, ìlú Alákétu, wà ní ẹkùn Plateau, kò jìnnà sí ibodè Nàìjíríà. Ṣábẹ, ìlú Oníṣábẹ, wà láàárín àwọn òkè olókùúta ní ẹkùn Collines. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò rí bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn sì kan ìlera. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu tàbí tó ń ro oko kajú ní Ṣábẹ kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kó máa lo ara. Ẹ̀yìn ríro àti oògùn tó ń gbé mì nítorí rẹ̀ ni ìṣòro tirẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, oníṣòwò tó jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, aránṣọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àti onísẹ́mìjáàn tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù lè lo ọjọ́ kan gbáko láì rin ìrìn tó yọ òógùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ọ̀pọ̀ ará Benin ń fi èdè Faransé pè ní "tension", ló yẹ kí ẹni tó ti lé lógójì ọdún kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń sọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ti òkè ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan tó nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ nígbà tí ọkàn bá dẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹnì kan sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru bí ti òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe nọ́ńbà yìí yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì ibodè. Nàìjíríà ń kà á ní mìlímítà mẹ́kúrì. Ní Benin, gẹ́gẹ́ bí ti Faransé, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, "quatorze neuf" tí nọ́ọ̀sì sọ ní Àjàṣẹ́ kò yàtọ̀ sí 140/90 tí ẹlòmíràn sọ ní Ìdìrókò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn oníṣòwò àti ìbátan tó ń ré ibodè kọjá, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú níbi tí àìsàn bá bá wọn. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní Kétu pé tirẹ̀ jẹ́ 16, tó wá gbọ́ 150 ní Ìlárá, lè rò pé ayé òun ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìfúnpá náà ti wálẹ̀ díẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n náà ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí èèyàn ti jókòó jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ti tọ̀, kó má ti mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, kó gbé apá sórí tábìlì ní déédéé ọkàn, kó má sì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wọn ìfúnpá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mìjáàn, tó tún ń bá olówó ọkọ̀ jà lórí ṣéńjì, nọ́ńbà tí wọ́n máa rí kò ní jẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ orí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ le. Iyọ̀ àpọ̀jù, sísanra jù, ọtí, àìlo ara àti ìran tún ń dá kún un. Bí ó bá pẹ́ láìtọ́jú, ọkàn á rẹ̀, kíndìnrín á bàjẹ́, iṣan inú ọpọlọ sì lè dí tàbí kó bẹ́, èyí tó ń fa rọpárọsẹ̀. Àwọn kan ṣì ń ka rọpárọsẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ aráyé, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ síbòmíràn. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí apá kan kò ṣe é gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu lójijì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró nígbà tí nọ́ńbà bá wálẹ̀, nítorí wọ́n rò pé àrùn náà ti lọ. Oògùn ló dì í mú. Àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí àgbẹ̀ ń lò kí ẹ̀yìn lè gba ọkọ́, lè gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára bí èèyàn bá ń lò wọ́n léraléra.

Ìtọ̀ ṣúgà

Níbi ìtọ̀ ṣúgà náà, ìwé àyẹ̀wò ìhà méjèèjì kò jọra. Lẹ́yìn ààwẹ̀ wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó gíráàmù 1,26 nínú lítà kan, àmì ìtọ̀ ṣúgà ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Benin nìyẹn. Ní Nàìjíríà, 126 tàbí 7.0 ló máa ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò bá lò. Bí kò bá sí àmì kankan lára, wọ́n máa ń tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó sọ pé ó dájú.

Òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ara tó ń rù láìnídìí àti egbò tí kò jiná ni àwọn àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ ní láti ṣọ́ jù lọ. Ṣúgà tó pọ̀ ń pa iṣan ìmọ̀lára, kùkùté lè gún ẹlẹ́sẹ̀ lásán kó má mọ̀ títí egbò á fi rà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ lóko àti yíyẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ ti dá ẹsẹ̀ púpọ̀ sí.

Obìnrin

Nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ọdún 45 sí 55. Lẹ́yìn oṣù méjìlá gbáko láìrí nǹkan oṣù ni wọ́n tó ń sọ pé ó ti dá. Kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, oyún ṣì lè wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti ka ara wọn sí ẹni tó ti kúrò níbẹ̀. Ooru òjijì tó ń là kọjá ojú àti àyà, òógùn òru, àìsùn, ìbínú tí kò nídìí àti gbígbẹ ojú ara wọ́pọ̀. Wọn kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ni obìnrin lára, ìtọ́jú wà fún wọn lọ́dọ̀ dókítà.

Èyí tí kò hàn síta ni pé omi ara obìnrin tó dínkù, ìyẹn ẹ́sítírójìn, máa ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì ń gbé ewu àrùn ọkàn sókè. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, bí ó ti wù kó kéré tó, nílò àyẹ̀wò. Kì í ṣe pé nǹkan oṣù padà wá.

Kòkòrò HPV, tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa ọ̀pọ̀ jùlọ jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Láti ìgbà tó ti wọ ara títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ, ó lè gba ọdún púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi wúlò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún (25 fún ẹni tó ní kòkòrò HIV), kí wọ́n sì máa tún àyẹ̀wò HPV ṣe ní ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá (mẹ́ta sí márùn-ún fún ẹni tó ní kòkòrò HIV). Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó kọ́ ọ lè fi omi asíìdì bíi ti fínígà pa ibẹ̀, kó sì wo ibi tó bá funfun. Kókó nínú ọmú, orí ọmú tó wọnú tàbí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kò ní dúró de ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ọkùnrin

Ẹṣẹ́ próstéètì, tó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, máa ń tóbi sí i bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà. Ìtọ̀ á máa yọ tíntín, á pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á sì máa jí i lóru. Ọ̀pọ̀ ń pe èyí ní jẹdíjẹdí tàbí àtọ̀sí, wọ́n á máa mu àgbo lé e lórí. Wíwú yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ próstéètì lè wà láìsí àmì kankan, ó sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ìran Áfíríkà. Láti nǹkan bí ọdún 45, ó tọ́ kí ọkùnrin bá dókítà jíròrò lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA.

Okó tí kò le dáadáa mọ́ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ń dí, nítorí iṣan ibẹ̀ kéré ju ti ọkàn lọ. Ìtìjú ló ń gbé ọkùnrin lọ sídìí àgbo inú ìgò. Wọ́n ti rí oògùn òyìnbó nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, tí kò sì sí lára àkọlé rẹ̀. Ó lè pa ẹni tó ń lo oògùn ọkàn.

Oúnjẹ àti lílo ara

Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan tí kò kún. Kì í ṣe iyọ̀ tí ọwọ́ bù nìkan ni wọ́n ń kà: nǹkan bí ìdajì kúùbù tí wọ́n ń fọ́ sọ́bẹ̀ ni iyọ̀, ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní lanhouin sì ní tirẹ̀. Irú tí kò gba iyọ̀ lè gba ipò wọn. Ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja ọ̀sà dára púpọ̀. Ẹ̀bà, ẹ̀kọ tàbí iyán kò níláti lọ. Òkèlè ló yẹ kó dínkù, kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ìwọ̀n tí wọ́n dá fún èso àti ẹ̀fọ́ jẹ́ gíráàmù 400 lójúmọ́. Sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, láìka bí wọ́n ṣe ń fi gba àlejò sí, ń gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Fún ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, ìrìn kánkán tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà nímọ̀ràn, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń lo agbára iṣan ní ọjọ́ méjì.

Ojú

Láti nǹkan bí ogójì ọdún, awò inú ojú máa ń le, ohun tó súnmọ́ á sì di bàìbàì. Gíláàsì ti tó fún ìyẹn. Glaukómà yàtọ̀: ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń kọ́kọ́ jẹ, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì ń tẹ̀lé ìran.

Ibi ìtọ́jú

Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó ń sin Ouémé àti Plateau wà ní Àjàṣẹ́. Ṣábẹ àti Ouèssè jọ wà ní àgbègbè ìlera kan; Kétu wà pẹ̀lú Pobè àti Adja-Ouèrè. Fún wíwọn ìfúnpá àti ṣúgà, ilé ìlera tó bá súnmọ́ ti tó. Kàné, ìwé pélébé tí aláìsàn ń mú lọ mú bọ̀, ló ń jẹ́ kí dókítà rí bí nọ́ńbà ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù. Ẹni tó ń ré ibodè kọjá yẹ kó ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n mọ́ nọ́ńbà, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Ó tún yẹ kó sọ àgbo tó ń mu, torí àwọn kan ń dá iṣẹ́ oògùn rú.

Oògùn ojú pópó ṣì jẹ́ ewu. Ní 2017, ìjọba Benin kógun ja Adjégounlè, ọjà oògùn tó wà ní Dantokpa ní Kútọnu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn ayédèrú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní ohun tó yẹ nínú kò ní jẹ́ kí ara sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń lò ó á máa rò pé òun wà lábẹ́ ìtọ́jú.