Owó ìrànwọ́ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀: kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?

Ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ pọ̀. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n ń san fún un lọ́dọọdún. Ó lè jẹ́ ajílẹ̀ tí wọ́n dín iye rẹ̀ kù, tàbí iná mànàmáná ọ̀fẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ìlérí pé ìjọba yóò ra irè oko ní iye kan pàtó bí ọjà bá tilẹ̀ kú, tàbí kí ìjọba bá àgbẹ̀ san lára owó adójútòfò, kí ọ̀dá tàbí kòkòrò má baà sọ ọ́ di onígbèsè. Gbogbo rẹ̀ ni à ń pè ní owó ìrànwọ́. Lọ́dún 2021, àjọ FAO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àjọ méjì mìíràn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 540 dọ́là ni ìrànwọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń rí gbà kárí ayé lọ́dún. Wọ́n ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń da iye ọjà rú tàbí tó ń ṣe àyíká àti àwùjọ ní jàǹbá.

Bóyá ó yẹ kí ìjọba náwó fún àgbẹ̀ tàbí kò yẹ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ní tèmi, ìbéèrè mìíràn ló jinlẹ̀ jù: kí ni wọ́n fi wọn owó náà? Bí wọ́n bá fi hẹ́kítà wọ̀n ọ́n, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ló máa gbà jù. Bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀nù wọ̀n ọ́n, ohun tó ń so wọ̀ǹtìwọ̀ńtì ni gbogbo ènìyàn máa sáré gbìn. Bí wọ́n bá sì so ó mọ́ ohun ọ̀gbìn mélòó kan, èyí tí kò sí lára wọn yóò di ohun tí àgbẹ̀ ń dá ewu rẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ọdún 1933 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde níbẹ̀, nígbà tí iye irè oko ti já wálẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò rí gbèsè san mọ́. Èrò tó bí òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn díẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, ohun ọ̀gbìn díẹ̀ ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà títí dòní: àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà sóyà, òwú, ìrẹsì àti ẹ̀pà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 tilẹ̀ sọ pé àgbẹ̀ tó bá gbin èso tàbí ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tó fi ń gba owó lè pàdánù owó náà. Ìjọba kan náà tó ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbìn ín nígbà náà. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Láti 1971 sí 1976, Earl Butz ni mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kí àgbẹ̀ fẹ oko rẹ̀ lójú tàbí kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dún 1935, oko tó wà ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 6.8. Ní 2022, ó ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9. Owó ìrànwọ́ nìkan kọ́ ló fà á o. Katakata dé, iṣẹ́ ìlú ńlá pe àwọn ọ̀dọ́. Síbẹ̀, owó tó ń tẹ̀lé ilẹ̀ ń mú kí iye ilẹ̀ àti owó ìyálẹ̀ gbówó lórí, ẹni tó ti ní ilẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì lè rà sí i. Ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi hẹ́kítà wọn ọ̀pọ̀ nínú owó náà, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń san tààrà ló ń bọ́ sọ́wọ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbà á.

Kí oko kàn fẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ àgbẹ̀ aládàáńlá. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo ló ń bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀rọ ló ń ro ó, ẹ̀rọ ló ń kórè rẹ̀, ajílẹ̀ kẹ́míkà àti oògùn apakòkòrò ló sì ń gbé e ró. Ẹ̀rọ ìkórè fẹ́ kí gbogbo àgbàdo ga bákan náà, kí wọ́n sì gbó papọ̀. Òfin irúgbìn ń ti èyí lẹ́yìn. Ní Yúróòpù, kí wọ́n tó gbà kí a ta irúgbìn ohun ọ̀gbìn pàtàkì, ẹ̀yà náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọra, kò sì gbọdọ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún. Irúgbìn tí ìdílé kan ti ń ṣà pamọ́ láti ìran dé ìran kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú oko kan náà, òmíràn á ga, òmíràn á kúrú, òmíràn á tètè gbó. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dáàbò bò ó lọ́dún tí òjò bá ṣe ségesège, òun náà ló sì ń jẹ́ kó kùnà nínú ìdánwò ìjọba. Láti 2008 ni wọ́n ti la ààyè kékeré sílẹ̀ fún irú irúgbìn àbáláyé bẹ́ẹ̀.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa onírúurú ohun ọ̀gbìn, ìpele méjì ló wà. Èkíní ni iye ohun ọ̀gbìn tó yàtọ̀ síra. FAO sọ ní 2019 pé ohun ọ̀gbìn tí ọmọ ènìyàn ń gbìn fún oúnjẹ lé ní 6,000, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án péré ló ń pèsè ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irè oko ayé. Ìpele kejì fara sin jù: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yà ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ewu ti máa ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo Amẹ́ríkà ní 1970 fi èyí hàn kedere. Àwọn tó ń pèsè irúgbìn máa ń fi ẹ̀yà méjì bí ọ̀kan, nítorí náà wọ́n ní láti gba àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa fi ọwọ́ já òdòdó akọ lórí àgbàdo, kí ó má baà bá ara rẹ̀ lò. Wọ́n wá rí ẹ̀yà kan ní Texas tí òdòdó akọ rẹ̀ kì í mú lẹ́búlẹ́bú tó ń bí ọmọ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dín kù, gbogbo iléeṣẹ́ irúgbìn sì dì mọ́ ẹ̀yà yìí. Nígbà tó fi máa di 1970, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Orúkọ tó wà lára àpò irúgbìn lóríṣiríṣi, iléeṣẹ́ tó ṣe é lóríṣiríṣi, àgbẹ̀ tó rà á sì rò pé òun ń gbin ohun tó yàtọ̀ sí ti aládùúgbò òun. Àrùn ewé kan dé tó mọ ojú ẹ̀yà Texas yìí gan-an. Láti gúúsù ló ti gbéra, kò sì rí ohun tó dá a dúró. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún irè àgbàdo ọdún náà ló ṣòfò.

Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló ń tọ́jú púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí. Oko tí kò tó hẹ́kítà méjì jẹ́ nǹkan bí ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo oko ayé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń dá kò ju nǹkan bí ìdá 12 lọ, síbẹ̀ wọ́n ń pèsè nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ. Bí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ta ilẹ̀ rẹ̀ tó sì kọrí sí ìlú ńlá, irúgbìn rẹ̀ àti ìmọ̀ bí a ṣe ń lò ó bá a lọ. Ilé ìpamọ́ irúgbìn wà lóòótọ́, bí èyí tí Norway ṣí sí Svalbard, erékùṣù rẹ̀ tó tutù gan-an, ní 2008, mo sì mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó wà nínú yìnyín kò lè kọ́ bí a ṣe ń fara da ooru tó ń pọ̀ sí i. Inú oko ló ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sí orílẹ̀-èdè tó ń san owó. Ní 2003, Benin, Burkina Faso, Chad àti Mali gbé ọ̀rọ̀ òwú wọn lọ sí iwájú àjọ WTO, tó ń rí sí òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, pé owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń san fún àgbẹ̀ olówùú wọn ń fa iye òwú wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ ro òwú kò lè bá ẹni tí ìjọba ń dí àdánù rẹ̀ du ọjà.

Íńdíà gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà yẹn náà sì tọ́ sí àgbéyẹ̀wò. Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ máa ń kéde iye tó kéré jù tí òun yóò fi ra ohun ọ̀gbìn tó lé ní ogún, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti àlìkámà ló ń rà jù. Àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Punjab kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé òun: láti àwọn ọdún 1960, oko ẹ̀wà, àgbàdo àti ọkà wẹ́wẹ́ níbẹ̀ di oko ìrẹsì àti àlìkámà. Iná mànàmáná ọ̀fẹ́ ń fa omi fún ìrẹsì náà, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń rì lọ sísàlẹ̀. Ètò yìí bọ́ àìmọye ènìyàn, kò sì yẹ kí a gbàgbé ìyẹn. Àgbẹ̀ Punjab tó fẹ́ padà sí ẹ̀wà lónìí ló há: ta ni yóò rà á, ní iye wo?

Yíyí òṣùwọ̀n padà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó gba agídí. Láti 2015 sí 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí oko tó bá ju hẹ́kítà 10 lọ máa gbin ó kéré tán ohun ọ̀gbìn méjì, kí èyí tó ju 30 lọ gbin mẹ́ta, kí wọ́n tó gba gbogbo owó wọn. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò àjọ náà sọ ní 2017 pé gbogbo òfin àyíká tí wọ́n fi èyí sí lára kò yí ìṣe àgbẹ̀ padà lórí ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbin méjì tàbí mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà gba ọ̀nà tó jọ mí lójú jù. Ní 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí ọkà wẹ́wẹ́ bíi ragi, tí àwọn ará orí òkè níbẹ̀ ti ń gbìn tipẹ́ lórí ilẹ̀ tí kì í rí omi púpọ̀. Ìjọba ń ra ragi náà lọ́wọ́ wọn ní iye tó ti kéde, ó sì ń pín in pẹ̀lú oúnjẹ tí àwọn ìdílé ń gbà lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn tó ti ń pa ragi tì tún padà sí i.